Abraham Trembley (1710–1784): Ewéko Ni Tàbí Ẹranko?

Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ ní oṣù yìí kì í ṣe ọba, kì í ṣe jagunjagun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Mùsùlùmí. Olùkọ́ ọmọdé ni. Inú ìgò omi lásán ni ó ti ṣe iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di olókìkí, ohun tí ó sì fi ṣe é kò gùn ju ìbú èékánná ọwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n kí ó tó parí iṣẹ́ náà, àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù ti ń bá ara wọn ṣe àríyànjiyàn lórí ohun tí à ń pè ní ẹranko, ohun tí à ń pè ní ewéko, àti bí ẹ̀mí ṣe ń gbé inú ara. Abraham Trembley ni orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 1710 ni wọ́n bí i ní ìlú Geneva. Nígbà náà, ìlú olómìnira tí ó dá dúró ni Geneva. Lónìí ó wà lábẹ́ orílẹ̀-èdè Switzerland. Ìdílé Trembley jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìdílé pàtàkì ìlú náà, àwọn èèyàn wọn sì máa ń di ipò mú nínú ìjọba. Ìmọ̀ ìṣirò ni Abraham kà. Ó ti lè rò pé ilé ni òun yóò jókòó sí, kí òun náà di ìjòyè bí àwọn bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Kò tíì pé ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nígbà tí ó kọjá sí ilẹ̀ Họ́láńdì láti wá iṣẹ́ tí yóò máa fi jẹun. Iṣẹ́ tí ó rí ni iṣẹ́ olùkọ́ inú ilé, èyíinì ni ẹni tí ń gbé lọ́dọ̀ ọlọ́lá tí ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìwé àti ìwà.

Ọlọ́lá tí ó gbà á sílé nígbẹ̀yìn ni William Bentinck, ilé rẹ̀ sì wà ní Sorgvliet, lẹ́bàá ìlú The Hague. Ọmọkùnrin méjì ni Bentinck ní, Antoine àti Jean. Ní ọdún 1740, ọmọ bí ọdún mẹ́fà ni ẹ̀gbọ́n, àbúrò sì tó bí ọmọ ọdún mẹ́ta. Ìyá àti bàbá wọn kò rẹ́, ilé náà sì tú mọ́ àwọn ọmọ lórí. Trembley ni ó wà pẹ̀lú wọn láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Kò fẹ́ràn kí ọmọdé máa há ohun tí kò yé e sórí. Ó máa ń mú wọn lọ sí ọgbà, sí etí kòtò omi àti adágún tí ó pọ̀ lórí ilẹ̀ náà, wọn a bu omi àti koríko odò sínú ìgò, wọn a gbé e wálé, wọn a sì jọ máa wo ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé bí kì í bá ṣe ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ méjì yìí, kò sí ìtàn tí à bá máa sọ.

Ní àkókò ooru ọdún 1740 ni Trembley rí i lára koríko inú ìgò kan: ohun kékeré aláwọ̀ ewé, tí ó rí bí ọ̀pá tín-ín-rín. Ìdí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ koríko, orí rẹ̀ kejì sì ní àwọn ohun wínníwínní tí ó nà síta bí okùn tàbí bí gbòǹgbò. Ewéko ni Trembley kọ́kọ́ pè é. Ta ni kò ní pè é bẹ́ẹ̀? Ó ní àwọ̀ ewé, ó dúró sójú kan, kò ní ojú, kò ní ẹsẹ̀, kò ní orí tí èèyàn lè tọ́ka sí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó mi ìgò náà díẹ̀, gbogbo àwọn okùn wọ̀nyí ká kò, ọ̀pá náà súnkì di ẹyọ kóró kan. Nígbà tí omi tún pa rọ́rọ́, wọ́n tún nà padà. Ẹnì kan lè rántí ewé patanmọ́ tí à ń fọwọ́ kàn tí ó ń pa ojú dé, kí ó sì sọ pé ìyẹn kò yọ ọ́ kúrò ní ewéko. Trembley náà mọ̀ nípa irú ewé bẹ́ẹ̀. Kò yára sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ wọn.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó rí i pé wọ́n ń rìn. Wọ́n ń tẹ̀ ba, wọn a fi orí mú ilẹ̀, wọn a fa ìdí mọ́ orí, wọn a tún na orí síwájú, bí kòkòrò tí ń wọn ilẹ̀ lórí ewé. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọn a ta òkìtì. Ìrìn náà kò yá rárá. Síbẹ̀ ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ ìgò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ni wọ́n máa ń kó ara wọn jọ sí. Ó yí ìgò padà, wọ́n sì tún rìn padà síbi ìmọ́lẹ̀. Ó fi páálí bo ìgò mọ́lẹ̀, ó dá ihò kan sí i lára, wọ́n sì wá pé jọ sẹ́nu ihò náà. Báwo ni ohun tí kò ní ojú ṣe ń mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà?

Ohun kan tún ń dà á láàmú. Ó ka apá wọn, nítorí pé ọ̀rọ̀ apá ni ó yẹ kí á máa pe àwọn okùn náà báyìí, ó sì rí i pé iye wọn kò dọ́gba. Ewúrẹ́ gbogbo ló ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ṣùgbọ́n ẹ̀ka igi mángòrò méjì kì í ṣe iye kan náà. Èyí tún fa ọkàn rẹ̀ padà sí ìhà ewéko. Ẹ̀rí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pín sí méjì, kò sì sí èyí tí ó borí èkejì.

Nígbà náà ni ó ronú kan ìdánwò tí ó dá a lójú pé yóò parí ọ̀rọ̀. Bí a bá gé igi ẹ̀gẹ́ sí méjì tí a sì gbìn ín, méjèèjì ni yóò hù. Bí a bá gé ewúrẹ́ sí méjì, ẹran ni a ní, a kò ní ewúrẹ́ méjì. Alángbá tí ìrù rẹ̀ já lè hu ìrù mìíràn, ṣùgbọ́n ìrù tí ó já kì í di alángbá. Nítorí náà, bí òun bá gé ohun yìí sí méjì tí méjèèjì bá kú, ẹranko ni. Bí méjèèjì bá yè tí wọ́n sì pé padà, ewéko ni. Ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 1740 ni ó fi àlùmọ́gàjí tín-ín-rín gé èyí àkọ́kọ́.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ìhà orí fi ní ìdí tuntun, tí ìhà ìdí sì yọ apá tuntun. Odindi méjì ni ó wà níbi tí ẹyọ kan wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ń nà, wọ́n ń súnkì, wọ́n ń rìn. Gẹ́gẹ́ bí òfin tí Trembley fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀, ó yẹ kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ewéko ni, kí ó sì padà sídìí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ Bentinck. Ṣùgbọ́n ìrìn wọn kò jẹ́ kí ó lè sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó sì tún rí i pé àwọn apá yìí ń mú eegbọn omi àti kòkòrò wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń fà á lọ sí ẹnu tí ó wà láàárín wọn, tí wọ́n ń gbé e mì, tí èèyàn sì lè fi awò rí oúnjẹ náà nínú ikùn bí ó ti ń dà, ọ̀rọ̀ di méjì pátápátá. Ìdánwò ní ewéko ni. Ẹnu àti ikùn ní ẹranko ni.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibi yìí gan-an ni mo ti kà á sí èèyàn ńlá. Òfin tí gbogbo ayé gbà pé ó dúró ni pé ẹranko kì í di méjì nípa gígé. Ó rọrùn láti di òfin mú kí á sì sọ pé ojú ni ó tàn wá. Trembley gé òmíràn, ó gé e ní òró, ó gé e ní ìbú, ó gé e sí mẹ́ta, sí mẹ́rin, ó ń kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, títí ó fi dá a lójú pé òfin náà ni kò pé.

Kí á tó máa bá ìtàn lọ, ó yẹ kí á mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi le tó bẹ́ẹ̀. Láti ayé àtijọ́ ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń to ẹ̀dá bí àkàsọ̀: òkúta nísàlẹ̀, ewéko lé e, ẹranko tẹ̀ lé e, èèyàn sì wà lókè wọn. Ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí ńlá nì, Ibn Khaldūn, tí wọ́n bí ní Tunis ní ọdún 1332, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ Muqaddimah pé ìpele kọ̀ọ̀kan fara kan èyí tí ó tẹ̀ lé e: igi dàbínù àti àjàrà wà ní òpin ewéko, ìgbín àti àwọn ẹlẹ́karahun tí kò ní ju ìmọ̀lára ìfọwọ́kàn lọ sì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹranko. Àwọn ará Yúróòpù náà ní irú àkàsọ̀ yìí. Ibi tí ìjà wà ni ẹnubodè. Àwọn ohun kan wà nínú omi tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìhà tí wọ́n wà.

Iyùn jẹ́ ọ̀kan. Iyùn pupa tí àwọn ọba àti ìyàwó wa fi ń ṣe ọ̀ṣọ́, inú Òkun Mẹditaréníà ni ojúlówó rẹ̀ ti ń wá. Ó le bí òkúta, ó yọ ẹ̀ka bí igi. Àwọn olùtúmọ̀ Àlùkùránì pàápàá kò sọ ohùn kan lórí ọ̀rọ̀ marjān tí ó wà nínú Sūratu r-Rahmān: àwọn kan ní iyùn ni, àwọn kan ní lúlúù wẹ́wẹ́ ni. Ní nǹkan bí ọdún 1706, Marsigli, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, fi iyùn tútù sínú omi òkun, ó sì rí ohun funfun bí òdòdó tí ó ṣí lára rẹ̀. Ó kéde pé ìgbà tí òdòdó ti yọ, igi ni iyùn. Gbogbo ayé gbà.

Dókítà kan láti Marseille, Jean-André Peyssonnel, ni kò gbà. Láàárín ọdún 1724 sí 1725, ó rìnrìn-àjò lọ sí etíkun Tunis àti Algiers, ní ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí níbi tí wọ́n ti ń wa iyùn. Ó wo àwọn òdòdó Marsigli fínnífínní. Wọ́n ń súnkì bí a bá fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n sì ń rùn bí ẹran bí wọ́n bá kú. Ó kọ̀wé sí Ilé Ìmọ̀ Ìjìnlẹ̀ ti Párísì pé ẹranko ni wọ́n, àti pé ilé tí àwọn ẹranko náà kọ́ fún ara wọn ni iyùn. Réaumur, tí ó jẹ́ àgbà onímọ̀ nípa kòkòrò nígbà náà, ka ọ̀rọ̀ náà fún wọn, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹni tí ó kọ ọ́. Ó ní òun kò fẹ́ kí ojú tì í. Ìwà ọmọlúàbí ni Réaumur rò pé òun hù, àmọ́ àánú irú èyí máa ń dunni ju èébú lọ. Peyssonnel ṣíwọ́, ó kọjá sí erékùṣù Guadeloupe lọ ṣiṣẹ́ dókítà.

Réaumur yìí kan náà ni Trembley kọ̀wé sí ní oṣù kejìlá ọdún 1740. Kò sọ pé òun ti rí ẹranko tuntun. Ó ròyìn ohun tí ó rí, ó sì bèèrè ohun tí àgbà rò. Réaumur ní kí ó fi díẹ̀ ránṣẹ́. Ìgò tí ó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ní oṣù kejì ọdún 1741, ó fi òǹtẹ̀ dí i lẹ́nu pinpin, gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú sọ́nà. Ó wádìí bí wọ́n ṣe lè mí, ó tún ìgò mìíràn dì, èyí sì dé Párísì láàyè ní oṣù kẹta. Réaumur gé wọn fúnra rẹ̀. Ó rí i pé wọ́n di odindi, ó sì kọ́kọ́ fẹ́ kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Níkẹyìn ó sọ níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé Párísì pé ẹranko ni, kò sí àní-àní. Òun ni ó fún un ní orúkọ pọ́líìpù, orúkọ tí wọ́n ń pe ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ inú òkun tẹ́lẹ̀, nítorí àwọn apá rẹ̀.

Nígbà tí ẹranko ti wà tí ó jọ ewéko tó báyìí nínú omi adágún, kí ni ó ku tí a fi ń sọ pé ti inú òkun kò lè rí bẹ́ẹ̀? Ní ọdún 1741 kan náà, Bernard de Jussieu lọ sí etíkun Normandy, ó wo àwọn ohun tí ó jọ koríko òkun tí à ń pè ní hídírọ́ìdì lónìí, ó sì rí i pé kì í ṣe òdòdó ni ó wà lórí ẹ̀ka wọn, pọ́líìpù ni, tí ó ní apá, tí ó sì ń jẹun. Ní ọdún 1742, Réaumur tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé rẹ̀ pé Peyssonnel ni ó tọ̀nà, ó sì dárúkọ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rìnlá tí wọ́n ti tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Sorgvliet. Trembley ń ṣe iṣẹ́ náà lọ láàárín ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Ó rí i pé pọ́líìpù máa ń bímọ láìsí akọ láìsí abo: ọmọ á kàn sọ lára ìyá bí ẹ̀ka, á yọ apá, á jẹun lára ìyá rẹ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn náà á já bọ́ lọ gbé ayé tirẹ̀. Ó la orí ẹyọ kan sí méjì, orí méjì sì pé; ó tún la àwọn náà, títí ẹyọ kan fi ní orí méje. Ó lẹ ìhà kan lára pọ́líìpù mọ́ ìhà kan lára òmíràn, wọ́n sì so pọ̀ di ẹyọ kan, bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń lẹ ẹ̀ka ọsàn mọ́ ara wọn. Èyí tí ó le jù ni pé ó fi irun líle kan ti ìdí pọ́líìpù wọ inú ikùn rẹ̀ títí ó fi yọ lẹ́nu, tí inú di òde tí òde sì di inú bí ìbọ̀sẹ̀ tí a yí padà. Ẹranko náà kò kú. Ó jẹun, ó sì bímọ. Trembley mọ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò gbà á gbọ́, nítorí náà ó pe ẹlẹ́rìí, ó sì ní kí Allamand ní Leiden fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Òun náà ṣe é, ó sì jẹ́. Lẹ́yìn ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ wá rí i pé àwọn ègé kéékèèké tí ara rẹ̀ fi ṣe é máa ń wọ́ padà sí ìhà tí olúkúlùkù wọn ti wá. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ó kú.

Ohun mìíràn wà tí ó yẹ kí á yìn ín fún. Ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè pọ́líìpù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi ránṣẹ́, ó sì ń kọ́ ọ ní bí yóò ṣe tọ́jú wọn, láì tíì tẹ ìwé tirẹ̀ jáde. Martin Folkes, olórí Royal Society ti Lọ́ńdọ̀nù, gba tirẹ̀ ní ọdún 1743. Henry Baker, ọ̀kan lára àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà, tètè ṣe ìdánwò bíi mélòó kan, ó sì sáré tẹ odindi ìwé jáde lórí pọ́líìpù lọ́dún náà gan-an, kí ẹni tí ó ni iṣẹ́ tó parí tirẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá bínú kọjá àlà. Trembley kò yára nítorí ìyẹn. Royal Society gbà á sí ẹgbẹ́ ní ọdún 1743, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Copley, èyí tí ó ga jù lọ lọ́wọ́ wọn.

Ìwé rẹ̀ jáde ní Leiden ní ọdún 1744. Agbẹjọ́rò kan, Pierre Lyonet, ni ó ya àwòrán inú rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ ń falẹ̀, Lyonet kọ́ iṣẹ́ fínfín àwòrán sára bàbà fúnra rẹ̀, ó sì fín mẹ́jọ tí ó kẹ́yìn nínú mẹ́tàlá. Nínú àwọn àwòrán kéékèèké tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ orí ìwé, a rí Trembley àti àwọn ọmọ Bentinck níbi tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà tí ó gbà ṣe nǹkan gan-an ni ó kọ sílẹ̀, kì í ṣe àbájáde nìkan, débi pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí lè ka ìwé náà kí ó sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Àmọ́ ariwo ti gba ìlú. Ìbéèrè tí ó gbẹnu àwọn èèyàn nìyí: bí ẹranko bá ní ẹ̀mí kan, tí a sì gé e sí méjì tí ó di ẹranko méjì, ibo ni ẹ̀mí kejì ti wá? Ṣé ẹ̀mí ni a gé ni? Ní ọdún 1747, dókítà ọmọ Faransé kan tí ń jẹ́ La Mettrie kọ ìwé kan ní Leiden tí ó fi sọ pé ẹ̀rọ lásán ni èèyàn, ó sì fi pọ́líìpù ṣe ọ̀kan lára ẹ̀rí rẹ̀ pé ara ń dá ara rẹ̀ ṣe, pé kò sí ẹ̀mí kankan tí ń darí rẹ̀. Àwọn mìíràn sì ní irọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Voltaire, òǹkọ̀wé tí okìkí rẹ̀ kàn jù ní Faransé, ṣì kọ ọ́ ní ọdún 1768 pé ó jọ òun lójú pé ewéko ni pọ́líìpù, kì í ṣe ẹranko.

Trembley gba Ọlọ́hun gbọ́ tọkàntọkàn, nínú ẹ̀sìn àwọn Kìrìsítẹ́nì tí wọ́n tọ́ ọ dàgbà sí. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń fà á: àwọn aláìgbàgbọ́ fẹ́ kí ó jẹ́rìí fún wọn, àwọn onígbàgbọ́ fẹ́ kí ó bá wọn fi ìwé rẹ̀ lù wọ́n. Kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn nínú ìwé náà. Ohun tí ó rí ni ó kọ, ibi tí ojú rẹ̀ sì mọ ni ó dúró sí. Àwọn kan bú u nígbà náà pé kò ní ìgboyà. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìdánwò tirẹ̀ gan-an ti kọ́ ọ ní ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí èèyàn bá gbé òfin ṣíwájú ohun tí ojú rí.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni iṣẹ́ mìíràn gbà á lọ́wọ́ ìgò omi. Ó bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe iṣẹ́ ìlàjà nígbà ìpàdé àlàáfíà ọdún 1748, wọ́n sì ń san owó ìfẹ̀yìntì fún un. Lẹ́yìn náà ó di olùkọ́ ọ̀dọ́mọdé ọlọ́lá Gẹ̀ẹ́sì kan, Dúúkù ti Richmond, wọ́n sì jọ la Yúróòpù já fún ọdún mélòó kan. Ó padà sí Geneva, ó gbé Marie von der Strassen níyàwó ní ọdún 1757, Ọlọ́hun sì fún wọn ní ọmọ márùn-ún. Ọmọ títọ́ ni ó ṣe kù láyé rẹ̀. Ìwé tí ó kọ sí àwọn ọmọ nípa ẹ̀dá àti ẹ̀sìn jáde ní ọdún 1775. Ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 1784 ni ó kú.

Ẹranko rẹ̀ kò tíì ní ìdílé tí ó dúró sí nígbà náà. Ní ọdún 1758, Linnaeus ti Sweden, ẹni tí ó fún gbogbo ẹ̀dá ní orúkọ méjì-méjì, sọ pọ́líìpù inú adágún ní Hydra, orúkọ ejò olórí púpọ̀ inú àlọ́ àwọn Gíríìkì, tí bí a bá gé orí rẹ̀ kan, òmíràn á hù. Ó fi í sí abẹ́ aràn, ní ọ̀wọ́ tí ó pè ní ẹranko-ewéko. Fún hídírọ́ìdì inú òkun, ó ní igi rẹ̀ jẹ́ ewéko, òdòdó rẹ̀ sì jẹ́ ẹranko. John Ellis, oníṣòwò kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó ti kọ ìwé lórí wọn ní 1755, bá a jiyàn gidigidi pé ẹranko ni wọ́n látòkè délẹ̀.

Orúkọ pọ́líìpù pàápàá di àpò tí wọ́n ń ju gbogbo nǹkan sí. Trembley fúnra rẹ̀ ti fi í pe pọ́líìpù oníyẹ̀ẹ́ kan tí ó rí lára koríko omi. Lónìí a mọ̀ pé kò bá Hydra tan, ìfun rẹ̀ ní ẹnu lọ́tọ̀ ihò ìdí lọ́tọ̀, nígbà tí Hydra ní ihò kan ṣoṣo tí ó ń gbà jẹ tí ó sì ń gbà tú ìdọ̀tí dànù. Ọdún 1847 ni Leuckart, ọmọ Jámánì, kó gbogbo àwọn tí ikùn wọn jẹ́ àpò oníhò kan bẹ́ẹ̀ jọ sábẹ́ orúkọ kan, ó sì yà wọ́n kúrò lára àwọn ẹranko bí ìràwọ̀ òkun. Nígbẹ̀yìn wọ́n tún yọ kànrìnkàn òkun kúrò lára wọn. Àmì tí àwọn tí ó kù fi jẹ́ ìbátan ni oró: gbogbo wọn ní àpò wínníwínní tí okùn olóró ká sí nínú, tí ó ń ta jáde bí ohunkóhun bá fara kàn án. Iyùn wà nínú wọn, jẹlifíìṣì wà nínú wọn. Ọ̀wọ́ ti Hydra tirẹ̀, Hydrozoa, ní irú tí ó ju 3,500 lọ.

Wàhálà kan sì wà tí Trembley kò bá pàdé, nítorí Hydra kò ní irú rẹ̀. Púpọ̀ nínú hídírọ́ìdì òkun máa ń bí ọmọ tí kò jọ wọ́n rárá: ẹranko kékeré bí agboòrùn, tí ń wẹ̀ kiri bíi jẹlifíìṣì. Ẹyin agboòrùn yìí ni ó tún ń lọ di hídírọ́ìdì tí ó lẹ̀ mọ́ òkúta. Àwọn onímọ̀ tí kò mọ èyí fún ìyá ní orúkọ kan, wọ́n fún ọmọ ní òmíràn, wọ́n sì fi wọ́n sí ìdílé tí ó jìnnà síra. Bí Sars ti Norway àti àwọn mìíràn ti ń sin wọn nínú omi láàárín ọdún 1830 sí 1850 ni àṣírí bẹ̀rẹ̀ sí tú. Títí wọ ọ̀rúndún yìí ni wọ́n ṣì ń tú orúkọ méjì-méjì náà palẹ̀, tí wọ́n ń so ìyá pọ̀ mọ́ ọmọ.

Èyí aláwọ̀ ewé tí Trembley kọ́kọ́ rí nínú ìgò ni à ń pè ní Hydra viridissima, orúkọ tí Pallas fún un ní ọdún 1766. Àwọ̀ ewé tí ó mú kí ó pè é ní ewéko lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ẹranko náà. Ìbátan ewéko kan, tí ojú lásán kò lè rí, tí ń jẹ́ Chlorella, ni ó ń gbé nínú awọ ikùn rẹ̀, tí ó ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ tí ó sì ń fún onílé nínú rẹ̀. Ọmọ tí ó bá sọ lára ìyá sì máa ń gba tirẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá kí ó tó já bọ́.